Òrùlé kíláàsì mẹ́ta ti lọ: ká dúró de ìjọba ni, àbí ká bẹ̀rẹ̀?

Télọ̀_Ìsin kọ:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní ìlú kékeré kan láàárín Òkè-Oǹígbìn àti Ọ̀mù-Àrán. Èmi náà ni akọ̀wé SBMC, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ praimárì LGEA wa, ìyẹn ti ìjọba ìbílẹ̀. Torí pé mo ní ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ni wọ́n ṣe mú mi.

Lóṣù tó kọjá, ìjì kan jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ó sì ká òrùlé ilé kíláàsì mẹ́ta lọ. Inú oko ẹ̀gẹ́ la ti rí díẹ̀ nínú páànù náà. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ praimárì 1 sí 3 ń jókòó sí báyìí. Bí òjò bá ti ṣú, olùkọ́ wọn á lu agogo, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn parí nìyẹn. Ọmọ 74 ni mo kà nínú rẹ́jísítà.

Káfíńtà tó wá wò ó ní ₦1,800,000 ló máa gbà. ₦640,000 la ti rí kó jọ: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó mú ₦400,000 wá, àwọn obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ dá tiwọn, kódà ₦15,000 nínú ẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn ewúrẹ́ tó wọ oko oníṣu.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Àwọn àgbà kan ní ká má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí a bá fi páànù mẹ́wàá péré bò ó, ẹni tó bá wá láti Ìlọrin á ní a ti tún un ṣe, orúkọ wa á sì kúrò nínú ìwé. Àwọn mìíràn ní ògiri ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan tún yọjú, ó ní òun máa bá wa lé fáìlì ní Ìlọrin, ká mú ₦150,000 wá. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n baálẹ̀ ti ń rò ó. Ta ló ti rìn ín rí?

Ará_Ọ̀fà kọ:

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ṣe alága SBMC fún ọdún mẹ́fà, nítorí náà mo mọ bí owó yẹn ṣe ń rìn. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé nínú ẹ̀, àfi kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà sílẹ̀ kí UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tó tú u fún SUBEB, àjọ irú ẹ̀ ti ìpínlẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ ò bá gbé tirẹ̀ wá, Àbújá ni owó máa wà. Ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní Kwara níbí fún ọdún mélòó kan kó tó di 2019.

Bó bá sì jáde, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń fi ṣe: ilé tuntun, àtúnṣe odidi ilé-ẹ̀kọ́. Agbaṣẹ́ṣe ló ń gbà á. Òrùlé ₦1,800,000 kéré jù lójú ẹni tó ń pín iṣẹ́, ó sì wúwo jù lọ́rùn ìlú kékeré. Àárín yẹn ni ẹ há sí.

Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní self-help, tí SBMC fúnra rẹ̀ ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ìlú gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbé kalẹ̀: owó, yanrìn, agbára àwọn ọ̀dọ́. ₦640,000 yẹn kò ní lé ìjọba sá. Òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Alhaja_Olùkọ́ kọ:

Àbúrò mi, ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ praimárì ní Ìlọrin, mi ò sanwó kí wọ́n tó gba lẹ́tà mi rí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín ni kó kọ lẹ́tà, kí alága SBMC bu ọwọ́ lù ú, kó gba ọ̀dọ̀ ES, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, kọjá. Lẹ́tà tó bá fo ES, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn padà wálé. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Ẹ fi iye ọmọ, akọ àti abo, sí i, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìlú ti fẹnu kò, àti nọ́ńbà àkáǹtì SBMC.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó kan ìṣó kankan. Nígbà kan, mo fi fọ́tò kíláàsì tí ewúrẹ́ sùn sí ránṣẹ́, mo rò pé ojú á tì wọ́n. Akọ̀wé tó gbà á bi mí pé, "Alhaja, ṣé ẹ ti ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn pa ni?" Kò rí ọmọ kankan níbẹ̀! Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ni mo ń kó síwájú.

Bíríkìlà_Ajàṣẹ́ kọ:

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìwé, ògiri ńkọ́? Ìjì kì í ṣàdédé gbé òrùlé tí wọ́n dè dáadáa. Ẹ gòkè lọ wò ó bóyá irin jáde látinú ògiri tí wọ́n fi so igi mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, páànù tuntun náà á tún bá ìjì lọ sí oko ẹ̀gẹ́.

Ẹ fi símẹ́ǹtì bo orí ògiri lọ́sẹ̀ yìí kí omi má bàa wọ inú bíríkì. Ìyẹn ò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa rí i kó ní ẹ ti parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, dípò kí ẹ fi páànù mẹ́wàá lẹ káàkiri, ẹ fi owó ọwọ́ yín kan òrùlé kíláàsì kan ṣoṣo tán pátápátá. Méjì tó kù lẹ máa kọ sínú lẹ́tà. Ẹ má sì ra páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ilé adìyẹ.

Télọ̀_Ìsin kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀dọ̀ ES ní Òwù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin wa, lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba lẹ́tà, òǹtẹ̀ wà lára tiwa. Ọmọ 61 ló wà nínú fọ́tò, ìyókù lọ jẹ máńgòrò. Baálẹ̀ ní kí ọkùnrin onífáìlì wá sọ tirẹ̀ lójú gbogbo ìlú ní ọjọ́ Ẹtì. Kò wá.

Bíríkìlà, mo gun àkàbà fúnra mi. Tépù ìránṣọ mi ni mo fi wọn gígùn ògiri, ìgbà 18 ni mo gbé e kí n tó dé ìdí ẹ̀. Ojú ibi méjì péré ni mo ti rí irin. Èló ni ẹ̀ ń ra irin 10mm ní Ajàṣẹ́ báyìí, àbí kí n kúkú wá rà á ní Ọ̀mù-Àrán?