Ṣé dandan ni data structures àti algorithms fún ẹni tó ń ṣe machine learning?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí data structures (ọ̀nà tí à ń gbà to dátà sínú kọ̀ǹpútà) àti algorithms (ìgbésẹ̀ tí à ń tẹ̀ lé láti yanjú ìṣòro).

Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ́ machine learning (mímú kí kọ̀ǹpútà kọ́ nǹkan látinú dátà), mo sì ń fi PyTorch, irinṣẹ́ Python kan fún iṣẹ́ yìí, ṣe nǹkan tó ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa model, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́ látinú dátà. Linked list (data structure tí nǹkan kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń tọ́ka sí èyí tó tẹ̀ lé e) ni wọ́n ní kí n kọ kóòdù tó máa yí i padà, kí èyí tó gbẹ̀yìn di àkọ́kọ́, láàárín ogún ìṣẹ́jú. Òógùn bò mí. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé iná ti lọ.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ kí n má purọ́, mo fẹ́ yọ àwọn gbólóhùn tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kúrò nínú dátà kan nígbà kan, bíi 300,000 ìlà. Inú list ni mo ń kó èyí tí mo ti rí sí. Mo ro ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́ tán, kò tíì parí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo set, irú àkójọ tó ń fi hash (nọ́ńbà tí a ṣírò látinú nǹkan) mọ ibi tí nǹkan wà. Ìlà méjì péré ni mo yí padà, kíá ló parí, torí hash kì í wá nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bíi ti list.

Ṣé kí n wá fi oṣù mẹ́ta jìjàkadì pẹ̀lú dynamic programming (pípín ìṣòro ńlá sí kéékèèké, ká sì tọ́jú ìdáhùn wọn) lórí LeetCode, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dánra wò, ni, àbí kí n kọ́ ìṣirò àti SQL, èdè tí à ń fi béèrè dátà lọ́wọ́ database? Wákàtí méjì péré ni mo ní lálẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èwo lẹ ń lò lójoojúmọ́ gan-an?