Ta ló kọ́ wa láti máa fojú burúkú wo ara wa?

Ìyá Ọmọ Kan:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láàárọ̀ àná mo bá ọmọ mi obìnrin níwájú dígí, ọmọ ọdún 6 péré, ó fi ìka méjì fún imú ẹ̀ pọ̀, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Mo ní kí ló dé, ó ní "mò ń ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é, mọ́mì". Àyà mi já. Lóòótọ́ ni, mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó ya fọ́tò, mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi imú mi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, ẹ̀gbọ́n mi ni "arẹwà", èmi ni "ọlọ́pọlọ", títí dòní tẹ́nìkan bá ní mo rẹwà ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ó ń ṣàánú mi. Ibo lẹ̀yin ti kọ́ tiyín?

Olùkọ́:
Ohun tójú bá ń rí lójoojúmọ́ ló ń gbà lẹ́wà. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè kan ní Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, lọ́dún 1995, níbi tí wọ́n ti ń fi sísanra yin obìnrin látayébáyé. Nígbà tí dókítà Anne Becker wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní 1998, 74% ló ní àwọn máa ń rí ara àwọn bíi pé àwọn ti sanra jù, àwọn míì ti ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí wọ́n lè rù. Ọdún mẹ́ta péré o!

Ayafọ́tò:
Fóònù náà ń parọ́ mọ́ imú yín. Tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ohun tó yọ síwájú ló máa fẹ̀ jù, àwọn dókítà ṣírò ẹ̀ ní 2018, nǹkan bí 30% ló fi ń fẹ̀ ju tí èèyàn bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo bá ya, imú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọn kì í tiẹ̀ rí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín.

Màmá Àgbà:
Tẹlifíṣọ̀n ṣe é pa, ẹnu ará ilé ò ṣe é pa. Èmi gan-an ni "arẹwà" nílé wa, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, gbogbo ewú tó bá hù lórí mi ló ń dà bíi gbèsè. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bi í wò.

Ìyá Ọmọ Kan:
Mo pè é, mà. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yìn mí pé mo mọ̀wé, iwájú dígí lòun máa ń lọ dúró sí.