Fóònù ní mo ti dé, àmọ́ mi ò rí ilẹ̀kùn (Edinburgh, oṣù August)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Edinburgh, ní Scotland. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo Fringe, fẹ́sítíìfà eré orí ìtàgé tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ lóṣù August, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Èmi fi falẹ̀ títí di July, ìgbà tí mo máa wò ó owó yàrá ti kọjá agbára mi, ni mo bá lọ dé sí Glasgow, mò ń wọ tíréènì lọ mò ń wọ̀ ọ́ bọ̀, bí ìṣẹ́jú 50 ni.

Bí mo ṣe jáde ní Waverley, ibùdókọ̀ tíréènì Edinburgh, báyìí, òjò winniwinni. Mo gun òkè lọ sí títì tí wọ́n ń pè ní Royal Mile, háà, èrò bí eṣú! Àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń pín ìwé ìpolówó, ọmọbìnrin kan tó fi ẹfun kun ojú ń bẹ̀ mí pé kí n wá wo òun láago mẹ́rin, òjò ń fọ ẹfun yẹn dà sí i lọ́rùn, àánú ẹ̀ ṣe mí mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí Fringe yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn o, ní 1947, ẹgbẹ́ òṣèré 8 tẹ́nikẹ́ni ò pè sí fẹ́sítíìfà ńlá ìlú náà ló kàn gbéra wá, wọ́n wáyè ṣeré tiwọn.

Mo ń rìn lọ jẹ́jẹ́ ni ìbọn ńlá dún gbòà láti Edinburgh Castle, ilé olódi tó wà lórí òkè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn wo aago ọwọ́ ẹ̀ ni. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń yìn ín, àyàfi ọjọ́ Sunday, Good Friday àti ọjọ́ Kérésìmesì.

Ibi tí wàhálà wà gan-an rèé. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wà lórí afárá George IV Bridge, máàpù orí fóònù mi sọ pé mo ti dé ibi eré ọmọbìnrin yẹn. Dé ibo? Mi ò rí ilẹ̀kùn kankan. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, àṣé títì odindi kan wà lábẹ́ mi, èrò ń lọ èrò ń bọ̀, Cowgate nìyẹn, ibẹ̀ ni eré wà! Mo sáré gba Candlemaker Row sọ̀kalẹ̀, òkúta ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Wọn ò gba ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án.

Inú bí mi, mo yà sí ilé ọtí kan tí wọ́n ti ń ṣeré ọ̀fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àwa márùn-ún péré là ń wo aláwàdà kan, òjò sì ń jò sínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó! tó! Bó bá ti jò báyìí, aláwàdà yẹn á dákẹ́ á wò ó, á ní ẹnì kan ṣì ń pàtẹ́wọ́ fóun. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí. Nígbà tó parí, ó da omi garawa yẹn nù, ó fi apá aṣọ nù ún, ó gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ká ju ohun tá a bá ní sí i. Owó bébà tí mo yọ lápò náà ti rin gbindin.