Ìpara wo ló ń mú àpá irorẹ́ lọ lóòótọ́?

Àdùnní_Àkúrẹ́: Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará wa. Irorẹ́ ojú mi ti ń lọ ṣùgbọ́n àpá dúdú tó fi sílẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́ ò lọ rárá. Mo dé Ọjà Ọba, gbogbo ẹni tí mo bi ló ní òun máa po tòun fún mi, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú á ti dán. Màmá kan bu ìpara funfun látinú ike ńlá, wọ́n fún tíúbù kéékèèké sí i, wọ́n da nǹkan olómi kan lé e, wọ́n ń fi ṣíbí rò ó, mo ní mọ́mì kí ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ ni. Mi ò rà á. Èyí tó wà nínú páálí náà wá pọ̀ lọ súà, owó wọn ò sì kéré, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó máa ṣiṣẹ́? Mi ò fẹ́ bóra o, àpá yẹn nìkan ni.

Oníkẹ́míìsì_Oǹdó: Àbúrò mi, o ṣeun tó ò rà á. Tíúbù tí wọ́n ń fún sí i yẹn, clobetasol tàbí betamethasone ló sábà máa ń wà nínú wọn, oògùn àléfọ́ ni, kì í ṣe ìpara ojoojúmọ́. Òun ló ń jẹ́ kójú tètè dán, inú èèyàn á dùn, tó bá yá awọ ojú á fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, ọjọ́ tó o bá dá a dúró irorẹ́ á ya jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn páálí ni kó o máa kà. Wá nọ́ńbà NAFDAC. Tó o bá rí mercury, tí wọ́n tún lè kọ ní calomel tàbí Hg, májèlé ni, gbé e sílẹ̀ kíá. Hydroquinone, èròjà tí wọ́n fi ń bóra, tó bá ju 2% lọ, NAFDAC ò fàyè gbà á. Èyí tí wọn ò kọ nǹkankan sí lára, má fi kan ojú ẹ.

Ìyá_Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ sà. Èyí tó dáa kì í tètè ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ni wọn kì í sọ fún wa lọ́jà. Àbúrò, fún irorẹ́, benzoyl peroxide 2.5% ti tó (ìrọ̀rí funfun ni kó o lò o, ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ). Fún àpá, azelaic acid tàbí niacinamide. Mú ẹyọ kan, kọ́kọ́ fi sẹ́yìn etí, tí ò bá yún ẹ, lò ó tó oṣù méjì kó o tó ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ra oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà, tójú bá ń ta wọn, wọn ò ní mọ èyí tó fà á. Sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, ńkọ́? Láìsí ẹ̀ owó yòókù ṣòfò ni, oòrùn ló ń mú kí àpá máa dúdú sí i. Kí nọ́ńbà SPF tó wà lára ẹ̀, tó ń sọ bó ṣe lágbára sí oòrùn tó, jẹ́ 30 sókè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣojú funfun bí ẹni fi ẹfun kunjú, wá èyí tó láwọ̀ bíi ti ara wa, tí wọ́n kọ iron oxides (èròjà tó ń fún un láwọ̀) sí lẹ́yìn, ìyẹn tún dáa fún àpá ju aláìláwọ̀ lọ.

Tboy_SouthGate: Ẹ̀yin mọ́mì, òrí àti ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ìyá mi àgbà ò lo nǹkan míì.

Ìyá_Ìbejì: Òrí dáa gan-an lásìkò ọyẹ́, òun ni mo fi ń para fáwọn ìbejì mi, ṣùgbọ́n kì í mú àpá lọ. Ọṣẹ dúdú le fójú oníirorẹ́, eérú wà nínú ẹ̀, ó máa ń mú kójú gbẹ.

Àdùnní_Àkúrẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ń fọ́mọ lọ́mú o, ṣé azelaic acid yẹn ò ní ṣe é?

Oníkẹ́míìsì_Oǹdó: Kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, o lè lò ó. Ṣáà má fi kan àyà, fọwọ́ kó o tó gbé ọmọ, má sì jẹ́ kó fẹnu kan ibi tó o fi sí. Tretinoin, oògùn irorẹ́ míì, ni kó o má fọwọ́ kàn tó o bá tún lóyún.