Ẹni tó ti kọ ìyàwó sílẹ̀ rí fẹ́ gbé obìnrin Àgùdà níyàwó: kí ni ìjọ máa béèrè?

Àfẹ́sọ́nà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjọ Àgùdà ni mò ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rì mí bọmi. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ọkùnrin tí a jọ ń fẹ́ra. Ó ti gbéyàwó rí. Áńgílíkà bíi tirẹ̀ ni obìnrin náà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n sì ti so wọ́n pọ̀. Ìgbéyàwó ọ̀hún tú ká, kóòtù ti fún wọn níwèé ìkọ̀sílẹ̀. Ọmọ kan wà láàárín wọn, ìyá ọmọ náà sì wà láàyè.

Ohun tí a rò ni pé níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti ṣe é, kò kan fádà wa. Àfi bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìgbéyàwó tí wọ́n ní ká dúró ná, pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé kóòtù ìjọ. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ka ìgbéyàwó ìjọ mìíràn kún? Kí ni wọ́n máa bi í? Ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ní di ọmọ àlè? Ẹlòmíì ní ká lọ sí rẹ́jísírì, ẹlòmíì ní ká ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Kátíkísì:

Ẹ kú oríire o. Òótọ́ ni fádà yín sọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìgbéyàwó tí kò bá ti wáyé níwájú fádà, ìjọ Àgùdà ò kà á sí. Wọ́n ń kà á sí gan-an. Bí ẹni méjì bá ti ṣèrìbọmi, tí ìkankan nínú wọn kì í ṣe Àgùdà, tí wọ́n sì gba ara wọn bí ọkọ àti aya lọ́nà tí òfin mọ̀, ìgbéyàwó gidi ni lójú ìjọ, sákírámẹ́ńtì (àmì mímọ́ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run) ni pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ rẹ́jísírì ni wọ́n ti ṣe é. Àwa Àgùdà ni òfin dè pé ká ṣe é níwájú fádà tàbí díákónì àti ẹlẹ́rìí méjì. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, ló ṣe òfin yẹn ní 1563, nítorí àwọn tó ń gbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀ lónìí, tí wọ́n á sẹ́ ẹ lọ́la.

Ká ní Àgùdà ni ọkùnrin yín tẹ́lẹ̀, tó lọ sí rẹ́jísírì láìgbàṣẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé lásán ni wọn ì bá fi yanjú ẹ̀: ìwé ìrìbọmi, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ó parí. Ti Áńgílíkà méjì ló gba iṣẹ́. Kánọ́nì 1060 (kánọ́nì ni à ń pe ẹsẹ òfin kọ̀ọ̀kan nínú ìwé òfin ìjọ Àgùdà) ní kí a gbà pé ìgbéyàwó fìdí múlẹ̀ títí ẹnì kan á fi fẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kánọ́nì 1085 sì ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fìdí múlẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ ṣe òmíràn kó tó hàn gbangba lábẹ́ òfin.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà rèé. Kóòtù ìjọ kì í wádìí ohun tó tú ilé náà ká. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ wò ó báyìí: ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan àlè lọ́dún kẹjọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbéyàwó náà dòfo. Bó bá jẹ́ pé obìnrin yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéyàwó, tó sì ti pinnu pé òun ò ní fi í sílẹ̀, ẹjọ́ yí padà, torí kò fìgbà kankan gbà láti jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní bímọ láé, tàbí pé bí kò bá dùn òun á jáde. Àwọn ìdí mìíràn ni kí wọ́n fipá mú ẹnì kan tàbí dẹ́rù bà á, ẹ̀tàn lórí ọ̀rọ̀ tó wúwo, àti àìlera ọpọlọ tó le débi pé ẹni náà kò lè ru ẹrù ìgbéyàwó. Àìrọ́mọbí nìkan kì í ṣe ìdí, àfi bí ẹnì kan bá mọ̀ tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ kí ẹnì kejì lè gbà.

Ọkùnrin yín ló máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ Àgùdà. Ó lè gbé e lọ sí dáyọ́sìsì (ẹkùn tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan) tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó yẹn, tàbí tí òun tàbí ìyàwó àtijọ́ ń gbé, tàbí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó obìnrin náà létí. Kò pọn dandan kó fọwọ́ sí i, bó bá sì kọ̀ láti fèsì, ẹjọ́ á máa lọ. Wọ́n á yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbèjà ìdè ìgbéyàwó náà, tí yóò sọ gbogbo ohun tó bá tọ́ láti sọ pé ó fìdí múlẹ̀. Ẹ má ka onítọ̀hún sí ọ̀tá, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Àìsí ẹlẹ́rìí tó dáa ló ń pa ẹjọ́ púpọ̀. Àwọn tó mọ àwọn méjèèjì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni kó mú wá: òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ tó bá wọn dúró lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò tó mọ ìjà wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá yóò dáhùn lẹ́tà kóòtù, torí lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó fèsì ni ó máa ń fa ẹjọ́ nílẹ̀ jù. Òfin ní kí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ má kọjá ọdún kan. Tẹ́lẹ̀, kóòtù méjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Láti 8 December 2015, lẹ́yìn àtúnṣe Póòpù Francis, ìdájọ́ kan ti tó bí kò bá sẹ́ni tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀nà kúkúrú tún wà, níwájú bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá jọ fẹ́ ẹ tí ẹ̀rí sì hàn kedere.

Ti ọmọ: kò di ọmọ àlè. Kánọ́nì 1137 ti sọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó tí wọ́n fi tọkàntọkàn gbà pé ó dára, ọmọ ìgbéyàwó ni.

Ohun kan tí mi ò ní fi pa mọ́ fún yín: ìdájọ́ lè jáde pé ìgbéyàwó náà fìdí múlẹ̀. Ẹ má mú ọjọ́, ẹ má sanwó gbọ̀ngàn.

Olùkọ́ Bíbélì:

Kátíkísì ti ṣe ti Àgùdà tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn yòókù kún un. Máàkù 10:11-12 àti Lúùkù 16:18 kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ẹni tó kọ aya rẹ̀ tó fẹ́ òmíràn ṣe panṣágà. Mátíù 5:32 àti 19:9 yọ ọ̀ràn àgbèrè sílẹ̀. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní 7:15, Pọ́ọ̀lù ní bí aláìgbàgbọ́ bá fúnra rẹ̀ jáde, onígbàgbọ́ kò sí lábẹ́ ìdè. Bí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe to àwọn ẹsẹ yìí pọ̀ ni òfin wọn ṣe yàtọ̀. Àwọn Presbyterian, nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Westminster ti 1646, gba ìdí méjì: panṣágà, àti kí ẹnì kan pa ẹnì kejì tì pátápátá láìsí àtúnṣe. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìjọ àtijọ́ ti Ìlà-Oòrùn, lè gbà fún ìgbéyàwó kejì, kódà ẹ̀kẹta, pẹ̀lú àdúrà ìrònúpìwàdà nínú ètò ìsìn náà. Ẹ̀kẹrin kò sí.

Áńgílíkà kì í ṣe ohùn kan, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní 1936, Ọba Edward Kẹjọ fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tó ti kọ ọkọ méjì. Ní 2002, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wọn gbà pé àlùfáà lè so ẹni tó ti kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ àkànṣe, àlùfáà sì lómìnira láti kọ̀. Síbẹ̀ ní 2005, rẹ́jísírì ni Charles, ọmọ ọba nígbà náà, àti Camilla, tí àwọn méjèèjì ti kọ ẹnì kejì wọn sílẹ̀ rí, ti ṣe tiwọn, ìsìn àdúrà ni wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2018, inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni wọ́n ti so Harry ọmọ Charles àti Meghan pọ̀, Meghan sì ti kọ ọkọ rí.

Bí ẹ bá lọ bá àlùfáà Áńgílíkà, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè bí ìwọ̀nyí: Ṣé ẹ̀yin lẹ fa ìtúká ìgbéyàwó àkọ́kọ́? Ṣé ó ń gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀? Ṣé ó ti dárí ji ìyá ọmọ náà? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, ó sì dára kí ẹ ti bi ara yín kí ẹ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Àgùdà ni ẹ̀yin. Bí bíṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ lè fún Àgùdà láyè láti ṣe é ní ìjọ mìíràn, kò lè fún yín níwọ̀n ìgbà tí ìdè àkọ́kọ́ bá ṣì wà.

Àfẹ́sọ́nà:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó kù ẹyọ kan: ṣé lílọ tí ó lọ kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù, ṣé òun náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n máa kà sí i lọ́rùn?

Akọ̀wé Páríìṣì:

Ìwé kóòtù nìkan ò lé ẹnikẹ́ni nídìí Ara Olúwa. Kí ẹni tí ìdè rẹ̀ ṣì wà máa bá ẹlòmíì gbé bíi tọkọtaya ni ìṣòro. Ìdí nìyí tí rẹ́jísírì ò fi yanjú nǹkan kan fún yín: á di ìgbéyàwó tí ìjọ ò mọ̀, bí ìdájọ́ bá sì dáa lẹ́yìn náà, ẹ ṣì ní láti wá jẹ́jẹ̀ẹ́ tuntun.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kà á gbọ́ èyí pẹ̀lú. Kánọ́nì 1153 gbà pé kí ẹni tí ọkọ tàbí aya ń fi ẹ̀mí òun tàbí ti ọmọ wewu kúrò nílé, bí ewu bá sì ti súnmọ́, kò ní láti dúró gbàṣẹ. Ó ń dùn mí pé àwọn obìnrin kan ń jẹ ìyà lọ́dọọdún torí wọ́n rò pé ìjọ ló ní kí wọ́n jókòó.

Padà sí tiyín. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá ìwé ìrìbọmi ọkùnrin yín àti ti ìyàwó àtijọ́, láti inú rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ má gbọ́kàn lé ìrántí. Bó bá hàn pé ọ̀kan nínú wọn kò ṣèrìbọmi rárá, ọ̀nà mìíràn wà, ìwé yẹn á sì lọ títí dé Róòmù. Bí àwọn méjèèjì kò bá tíì ṣèrìbọmi nígbà náà, tí ọ̀kan wá ṣe é tí ìkejì sì kọ̀ láti bá a gbé ní àlàáfíà, ọ̀nà Pọ́ọ̀lù ni, èyí tó wá láti inú Kọ́ríńtì Kìíní 7:15 tí Olùkọ́ Bíbélì mẹ́nu bà, bíṣọ́ọ̀bù ló ń parí ìyẹn. Ẹ kó ìwé wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ fádà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìdájọ́ kóòtù. Bí ó bá sì di ẹni tó lómìnira, àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù fún Àgùdà àti Áńgílíkà ló kù, níbi tí ẹ̀yin ti máa ṣèlérí láti sa gbogbo ipá yín kí àwọn ọmọ lè ṣèrìbọmi kí wọ́n sì dàgbà nínú ìjọ Àgùdà. Òun kò ní ṣèlérí, wọ́n kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀ nípa tiyín.