Ọ̀yà tó gbòde lórí iṣẹ́ káńtì àti ìjọba ìlú ní Amẹ́ríkà: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Akọ̀wé Iṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá káńtì (county, ìpín ìjọba lábẹ́ ìpínlẹ̀), ìjọba ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ́lé. Ọ̀rọ̀ prevailing wage, ọ̀yà tó gbòde, ni mo gbé wá: iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórí iṣẹ́ ìjọba. Níbo lẹ ti rí i tó dàrú? Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé, báwo ni àṣírí ṣe tú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan.

Oníwáyà Houston
Lébìrà lórí ìwé, oníwáyà lórí àkàbà. Ọ̀gbẹ́ni náà di bender mú, ó ń tẹ páìpù, ó ń fa wáyà gba inú rẹ̀, ó ń so ó mọ́ panel, àpótí iná. Ọjọ́ ìsanwó dé, owó lébìrà ni wọ́n kà fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Orúkọ tí ọ̀gá fún ènìyàn kọ́ ni òfin ń wò. Iṣẹ́ tó ń ṣe àti irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Màmá Payroll
Wákàtí mélòó ló fi ṣe ti iná lójúmọ́? Mo bi yín nítorí pé ẹnì kan lè ṣe iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan kí ó sì gba ọ̀yà méjì. Bó bá fi wákàtí 5 kó pàǹtí, tó fi 3 fa wáyà, ìlà méjì ni orúkọ rẹ̀ máa ní lórí payroll, ìwé ìsanwó. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ wà tó fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Kì í ṣe kí fóòmàn jókòó lọ́jọ́ Ẹtì kó máa fojú díwọ̀n. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sí, ọ̀yà tó ga jù ni wọn yóò san fún gbogbo wákàtí 8.

Oníwáyà Houston
Wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, Màmá. Kò gbé ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bíọ́dún Káfíńtà
Wọn á ní helper ni, olùrànlọ́wọ́ oníṣẹ́.

Àjàní Alábòójútó
Ọ̀rọ̀ helper yìí ló ń kó wọn sí wàhálà jù. Lábẹ́ Davis-Bacon, òfin ọ̀yà ti ìjọba àpapọ̀, kò sí helper àyàfi bí wage determination iṣẹ́ yẹn (ìwé tí wọ́n to ọ̀yà iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sí) bá kọ ọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó di kí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ètò tí ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, tàbí kí ẹ san owó ọ̀gá iṣẹ́ (ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ náà yanjú) fún un pé pérépéré. "Mò ń kọ́ ọ níṣẹ́" kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Ẹ tún wo iye tí ètò náà gbà láyè: bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sí ọ̀gá kan, tí ẹ wá kó méjì tẹ̀ lé ọ̀gá kan, owó ọ̀gá ni ẹni kejì máa gbà.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà gan-an ni kò sí nínú wage determination, fọ́ọ̀mù SF-1444 ni ẹ máa gba ọwọ́ ìjọba tó gbé iṣẹ́ jáde fi ránṣẹ́ sí Department of Labor, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Iye tí ẹ bá dábàá gbọ́dọ̀ bá àwọn ọ̀yà tó wà níbẹ̀ mu. Ẹ má lò ó láti fi bẹ́ ọ̀yà oníwáyà wálẹ̀. Wọn yóò dá a padà.

Ọmọ Sacramento
Ní California, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tún sí lọ́wọ́ yín láti yàn tàbí kọ̀. Iṣẹ́ tó bá tó 30,000 dọ́là sókè, wákàtí 1 ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí wákàtí 5 ti ọ̀gá, ó kéré tán. DAS 140, fọ́ọ̀mù tó ń kéde iṣẹ́ náà fún àwọn ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́, ni ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, láàárín ọjọ́ 10 tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ yín wà níbi iṣẹ́. DAS 142 ni ẹ fi ń béèrè ènìyàn, ó kéré tán wákàtí 72 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi DAS 140 ránṣẹ́ tí wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á gbàgbé 142.

Oníwáyà Houston
Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n Texas ni mò ń wí. Bó bá jẹ́ owó orí ìlú nìkan ni wọ́n fi ń kọ́lé, Chapter 2258 ti Government Code ni. Ìjọba tó gbé iṣẹ́ jáde ló ń kéde ọ̀yà: ó lè ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó lè mú ti Davis-Bacon lò. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 60 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Òṣìṣẹ́ 4, ọjọ́ 30, ó di 7,200.

Ọmọ Sacramento
Tiwa lè tó 200 lójúmọ́ lórí ẹnì kan. Iṣẹ́ tó bá sì ti ju 1,000 dọ́là lọ ni òfin ti kàn.

Bíọ́dún Káfíńtà
1,000? Ìyẹn kò ju kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn kan lọ!

Ọmọ Sacramento
Ilẹ̀kùn ọ̀hún náà ni, ẹ̀gbọ́n.

Dele Estimator
Kí n bá yín dá sí i díẹ̀, nítorí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìpínlẹ̀ gbogbo ló ní òfin tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kansas ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1891, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe Davis-Bacon ní 1931, síbẹ̀ Kansas fúnra rẹ̀ ti fagi lé tirẹ̀. Florida fagi lé tirẹ̀ ní 1979, Indiana ní 2015, Kentucky ní 2017. Michigan fagi lé e ní 2018, ó sì tún padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì 2024. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé iye tó fi díje ní 2023 lọ díje ní Michigan lónìí, gbèsè ló ń rà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ béèrè ibi tí owó ti wá kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun.

Bíọ́dún Káfíńtà
Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ káńtì, kí ló kan Davis-Bacon? Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn.

Dele Estimator
Owó ló ń gbé e wọlé. Bí káńtì bá fi owó CDBG (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ìlú) kún owó kíkọ́lé náà, tí iṣẹ́ ju 2,000 dọ́là lọ, Davis-Bacon ti dé. Bó bá jẹ́ pé owó ayàwòrán ilé tàbí ti ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fi CDBG san, kò tíì dé. Títún ilé ìgbé tí kò tó ibùgbé ìdílé 8 ṣe náà yọ sílẹ̀ lábẹ́ CDBG. Bí òfin ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ bá wá jọ kan iṣẹ́ kan, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ san èyí tó ga jù.

Ẹ tún wo ọjọ́. Àtúnṣe wage determination tó bá jáde ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìwé ìdíje ni ẹ máa lò. Bí ọjọ́ 90 bá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i tí wọn kò tíì fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, àtúnṣe tó bá ti jáde láàárín ìgbà yẹn náà yóò wọlé.

Ṣọlá NJ
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìtàn. Overtime, owó wákàtí àfikún, ni ìbéèrè mi. Bí wọ́n bá san fringe (owó àǹfààní òṣìṣẹ́, bí ìlera) ní owó ọwọ́, ṣé a máa ṣe ìlọ́po 1.5 lórí rẹ̀?

Bíọ́dún Káfíńtà
Bẹ́ẹ̀ ni, owó ṣáà ni.

Màmá Payroll
Rárá o, Bíọ́dún. Lábẹ́ òfin àpapọ̀, owó ìpìlẹ̀ nìkan ni ẹ máa sọ di 1.5. Fringe máa ń bá gbogbo wákàtí lọ ní iye kan náà. Ẹ jẹ́ kí n fi iye àpẹẹrẹ ṣe é: ìpìlẹ̀ 40 dọ́là, fringe 20, wákàtí 45 lọ́sẹ̀.

40 × 40 = 1,600
5 × 60 = 300
45 × 20 = 900
Àpapọ̀ 2,800.

Ẹni tó bá sọ 60 di 90 fún wákàtí 5 yẹn yóò san 2,850, ó ti fi 50 ṣòfò. Ẹni tó bá kàn ṣe 45 × 60, 2,700 ló san, ó sì jẹ òṣìṣẹ́ ní 100. Ó jọ ohun kékeré, àmọ́ ẹ fi ìlọ́po òṣìṣẹ́ 12 àti ọ̀sẹ̀ 20 ṣe é.

Bíọ́dún Káfíńtà
24,000! Mo gba ẹ̀bi, Màmá.

Ọmọ Sacramento
Ẹ fi kún un pé níbí, lẹ́yìn wákàtí 8 lóòjọ́ ni overtime ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de 40.

Àjàní Alábòójútó
Fringe tí wọn kò san ní owó ọwọ́ gan-an ló ní ọ̀fìn. Agbaṣẹ́ṣe ń san 500 dọ́là lóṣù fún ìlera òṣìṣẹ́ kan, 6,000 lọ́dún. Iṣẹ́ káńtì gbà á ní wákàtí 800, ó wá pín 6,000 sí 800, ó ní òun ti san 7.50 lórí wákàtí. Wọn kò ní gbà fún un, torí pé ìlera yẹn ń bo òṣìṣẹ́ náà lórí iṣẹ́ aládàáni náà. Gbogbo wákàtí ọdún ni wọ́n fi ń pín in: 6,000 sí 2,080, ó di 2.88. Ìyókù fringe di owó ọwọ́.

Ṣọlá NJ
Háà. Iye ilé iṣẹ́ tó ń ṣe 7.50 yìí kò kéré.

Màmá Payroll
Ibi tí certified payroll, ìwé ìsanwó tí agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, ti ń padà wá bá wa náà rèé: wọ́n gbàgbé láti fọwọ́ sí ojú ìwé kejì WH-347, fọ́ọ̀mù rẹ̀, tàbí wọ́n fi "other" sínú ìyọkúrò láì ṣàlàyé, tàbí wọ́n kọ nọ́ńbà Social Security pé. Díjíìtì 4 tó kẹ́yìn nìkan ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe oṣooṣù. Tí agbaṣẹ́ṣe abẹ́ bá jẹ gbèsè ọ̀yà, ọrùn agbaṣẹ́ṣe àgbà ló wà, nítorí náà ẹ má ṣe san owó rẹ̀ kí payroll rẹ̀ tó pé.

Akọ̀wé Iṣẹ́
Àṣírí ẹni orí àkàbà ńkọ́? Báwo ló ṣe tú?

Oníwáyà Houston
Owó CDBG wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò dé láì sọ tẹ́lẹ̀, ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, irinṣẹ́ tó ń lò, iye tó ń gbà lórí wákàtí. Ó kọ "bender, wire stripper" sílẹ̀. Nígbà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ payroll, lébìrà ló rí.

Ṣọlá NJ
Báwo lẹ ṣe ń ṣírò ohun tí wọ́n jẹ ẹ́?

Màmá Payroll
Ká ní lébìrà jẹ́ 28 pẹ̀lú fringe, oníwáyà 46. Ìyàtọ̀ 18 × wákàtí 40 × ọ̀sẹ̀ 6 = 4,320. Wọ́n á yọ owó orí lára rẹ̀, wọ́n á kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, payroll tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì àti ìwé tó fọwọ́ sí pé owó dé ọwọ́ òun. Bí ọ̀gá bá ní kó dá díẹ̀ padà lábẹ́lẹ̀, Copeland Act ti 1934 ti sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Kí òṣìṣẹ́ náà máa kọ wákàtí àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé kékeré tirẹ̀ lálaalẹ́.

Oníwáyà Houston
Ó ní ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀dì ni ó fi kọ ọ́, ọjọ́ sí ọjọ́.