Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n ta máṣíìnì mi fi san gbèsè?

Ìyá Aliyah, Gáà-Àkànbí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Télọ̀ ni mí, ọkọ mi ń ṣe kápẹ́ńtà. Ọdún tó kọjá ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó gé e lọ́wọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni ò fi lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó oògùn, owó ilé, owó iléèwé ọmọ mẹ́ta, èmi nìkan ni mò ń gbé e, mo wá ń yá tibí fi san tọ̀hún. Ọwọ́ ẹ̀ ti san báyìí alhamdulillah, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ gbèsè ò lọ.

Lánàá ni mo jókòó kọ ọ́ sínú ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́, tẹ́lẹ̀ orí ni mo fi ń kà á torí ẹ̀rù ń bà mí láti mọ iye tó jẹ́ gan-an. Àwọn gbọ́mú-lé-lántà yá mi ní 350,000, mò ń san 17,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, mo ti san ọ̀sẹ̀ 8, ó ku 280,000. Áàpù méjì tó ń yáni lówó lórí fóònù, 95,000, àwọn yìí ló ń lé lójoojúmọ́. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ilé wa tí mo ti ń gba ìrẹsì, gàrí àti òróró láwìn, 85,000. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀fà, 180,000, ìyẹn ò gba èlé. Gbogbo ẹ̀ 640,000. Nígbà tí mo rí i lójú ìwé báyẹn, ńṣe ni mo gbé bírò sílẹ̀ tí mo bú sẹ́kún.

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè rèé. Mo ní máṣíìnì méjì, ẹlẹ́sẹ̀ kan, industrial kan. Ẹnì kan ní òun á ra industrial yẹn 150,000, ṣé kí n tà á? Lẹ́yìn ẹ̀, èsúsú wa, èèyàn 12 ni wá, 20,000 lóṣù, èmi ni mo máa kó o lóṣù tó ń bọ̀, 240,000, ta ni kí n kọ́kọ́ fún? Oṣù tó ń bọ̀ yẹn náà ni ọmọ àbúrò ọkọ mi obìnrin máa ṣe wọlímọ̀, ànkò jẹ́ 28,000, wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má rà á, àmọ́ èmi ni wọ́n máa wò lójú agbo lọ́jọ́ náà, wọn ò ní wo òun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Màmá Tọ́ba, Ọ̀mù-Àrán

Ta ló máa bú ẹ, ọmọ mi? Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ tó ṣèṣe, tó tún ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, kí la fẹ́ bú níbẹ̀. Má ta máṣíìnì o. Tó o bá tà á, 150,000 á wọlé lọ́jọ́ kan á dẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì, aṣọ mẹ́ta tó ò bá rán lóòjọ́ á wá di ọ̀kan, kí lo máa wá fi san èyí tó kù? Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ò kí ń tàn mọ́ ló wà nílé, tàbí fíríjì tó kàn dúró ságbo ilé bí kọ́bọ́ọ̀dù, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa rà á.

Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Télọ̀ lèmi náà kí ojú mi tó má ríran dáadáa mọ́. O kọ gbogbo ẹni tó o jẹ lówó, ṣé o kọ àwọn tó jẹ ọ́? Aṣọ tó o ti rán parí tí wọ́n gbé lọ láti Iléyá, tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀, èló ni? Kọ ọ́ kó o sọ fún wa.

Bàbá Ìbejì, Sáńgo

Ẹ kú ìfaradà. Ọdún 11 ni mo fi ṣe akọ̀wé kọ́párétìfù níbi iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò ẹ̀.

Ti gbọ́mú-lé-lántà yẹn, 17,500 lọ́nà 24 jẹ́ 420,000, èlé 70,000 lórí 350,000. Ó lè jọ pé ó ṣeé gbé, àmọ́ ẹ wò ó, 350,000 yẹn ò pé lọ́wọ́ yín kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 12 ìdajì ẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ èlé odindi owó lẹ ṣì ń san. Èlé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n pè é. Ẹ ṣáà máa san án lọ bẹ́ ẹ ṣe bá wọn ṣàdéhùn torí àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ yín nínú ẹgbẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá parí, wọ́n máa wá fi èyí tó tóbi jù ú lọ lọ̀ yín, wọ́n á ní ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ má gbà á.

Áàpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dẹ̀ dúró di oṣù tó ń bọ̀ torí 95,000 lónìí ò ní jẹ́ 95,000 nígbà yẹn. Ẹ lọ bá olórí èsúsú, kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó yẹ kó kó ti oṣù yìí pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Nǹkan tó ń ṣàkóbá fáwọn èèyàn rèé: tẹ́ ẹ bá kó 240,000 yẹn, ẹ ò tíì bọ́, iye oṣù tó bá kù káwọn ẹni tó wà lẹ́yìn yín kó tiwọn, gbèsè ni. Oṣù mélòó ló kù?

Ìyá Aliyah, Gáà-Àkànbí

Oṣù mẹ́ta ló kù sà. Mi ò tiẹ̀ kà á mọ́ gbèsè.

Bàbá Ìbejì, Sáńgo

60,000 nìyẹn. Lọ́jọ́ tówó bá ti wọlé, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ fún ọkọ yín mú, tàbí kẹ́ ẹ jù ú sínú kóló kẹ́ ẹ kàn án pa.

Ìyá Rọ̀káyà, Ọjà Tuntun

Bàbá, mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀ o. Èmi ń ta oúnjẹ. Ẹni tó jẹ mí ní 85,000 tó ń fojú pamọ́ fún mi, ọjà tèmi náà ló há mọ́ ọn lọ́wọ́, àwìn lèmi náà ti gbé e lọ́jà Mandate. Ìyá olóúnjẹ yẹn ò gba èlé, kò fi tẹ́ẹ̀sì dójú tì yín, ṣé torí pé ó níwà tútù ló ṣe máa wà nígbẹ̀yìn? Ẹ fún un ní nǹkan nínú owó yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, kẹ́ ẹ dẹ̀ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá a kó tó bi yín. Ohun tó ń dun ọlọ́jà jù kọ́ lowó, kí èèyàn rí i lọ́ọ̀ọ́kán kó yà bá ọ̀nà míì ni.

Ismail Oní-fóònù, Taiwo Road

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kékeré lórí áàpù. Láti 2022 ni àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde fáwọn tó ń fi fóònù yáni lówó, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, wọn ò dẹ̀ láṣẹ láti máa kọ tẹ́ẹ̀sì ìbanilórúkọjẹ́ sáwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín. Orúkọ àwọn tó gbàṣẹ wà lórí wẹ́ẹ̀bù àjọ náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá halẹ̀, ẹ ya àwòrán ẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC. Owó wọn ṣì jẹ́ owó wọn o, ẹ san án. Ẹ má sì yá ti áàpù kẹta láti fi san ti méjì yìí, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó fi di mẹ́fà.

Alfa Mustapha, Òkè-Àpómù

Salaamu alaykum. Ti ẹ̀gbọ́n yín ní Ọ̀fà, Suratul Baqarah, aaya 280, Ọlọ́hun ní tí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, kí olówó fún un lásìkò títí ìrọ̀rùn á fi dé. Aaya 282 ló gùn jù nínú gbogbo Al-Qur'an, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Torí náà ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ òótọ́ fún un, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́lẹ́rìí dẹ̀ wà. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn mẹ́jọ tí saká tọ́ sí, Suratu Tawbah, aaya 60. Kí ọkọ yín bá ìmáàmù àdúgbò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Alhaja Ọjà-Ọba

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ànkò yìí ló mú mi dá sí i.

Mo ti fọmọ mẹ́rin fọ́kọ nílùú Ìlọrin yìí, mo mọ ohun tí wọlímọ̀ ń ṣe fún ẹ̀mí abiyamọ. Ọdún kan wà tí mo yáwó ra léèsì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹnì kan ò mọ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó láàárín wọn, wọ́n ń kì mí, wọ́n ń ní aṣọ yìí yẹ mí, ọkàn mi dẹ̀ ń lù kìkì, torí ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kówó jáde, mi ò dẹ̀ ní kọ́bọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú mi ò ṣeé gbé mì. Nígbà tí olówó wá ká mi mọ́lé, kò sẹ́nì kan nínú àwọn tó ní aṣọ yẹ mí tó wà níbẹ̀. Mo padà ta léèsì yẹn, kò tó ìdajì iye tí mo rà á.

Má rà á. Àmọ́ má kàn dákẹ́ títí di ọjọ́ wọlímọ̀ o, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dìjà. Pe àbúrò ọkọ ẹ lónìí, òun fúnra ẹ̀, má rán ẹnikẹ́ni. Sọ fún un pé láti ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti gé lẹ ti ń san gbèsè, aṣọ ò lè ṣeé ṣe, àmọ́ wàá wà níbẹ̀ láti alẹ́ àná. Télọ̀ mà ni ẹ́! Bi í ta ló máa rán aṣọ ọmọ náà. Gbà á rán fún un láìgbowó. Owó iṣẹ́ tó máa fi sínú àpò lè ju 28,000 ẹ lọ, gbogbo ìdílé á dẹ̀ mọ̀ pé ìwọ lo rán ohun tí ìyàwó wọ̀.

Kẹ́mi, Tańkẹ

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Èmi àti ọkọ mi wọ gbèsè ní 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún tí gbogbo nǹkan fò sókè, oṣù 14 la fi san án tán, ìdí ìkòkò la ti kọ́kọ́ rí owó. Ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò pẹ̀lú ìdérí ẹ̀, á máa rọ̀ níbẹ̀ láìsí iná, tẹ́ ẹ bá fi máa gbé e padà kò ní gba gáàsì púpọ̀ mọ́. Ẹran, àárín ọ̀sẹ̀ a ò jẹ ẹ́ mọ́, wàrà sóyà ni mò ń ṣe, kóńgò kan, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná, tó bá ti hó ẹ bu omidùn sí i á dì, ẹ dà á sínú aṣọ kẹ́ ẹ fún un, ọmọ mi ò tiẹ̀ béèrè ẹran mọ́ tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Ọ̀gì náà mi ò rà á mọ́.

Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé àwa obìnrin mẹ́rin ń dáwó ra àpò gàrí kan, a máa ń pín in ní kóńgò, ata náà bẹ́ẹ̀, a máa ń ra apẹ̀rẹ̀ kan lọ́jà Ìpàtà. Obìnrin kan nínú wa ti kó lọ sí Èkó, àyè wà.

Ìyá Aliyah, Gáà-Àkànbí

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n padà wá jábọ̀, ọjọ́ karùn-ún rèé.

Obìnrin tó yẹ kó kó èsúsú oṣù yìí gbà kí n ṣíwájú òun, Ọlọ́hun á bá mi san án fún un. Áàpù méjèèjì ti di 97,800 kó tó di pé mo san án, mo san án tán, mo yọ àwọn méjèèjì kúrò lórí fóònù. 60,000 ti wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo san ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fáwọn gbọ́mú-lé-lántà.

Ìyá Rọ̀káyà, mo lọ bá ìyá olóúnjẹ, mo kó 40,000 fún un, mo kúnlẹ̀. Ó ní láti oṣù méjì lòun ti ń rí i tí mò ń gba ẹ̀yìn mọ́sáláṣí kọjá, òun rò pé òun ṣẹ̀ mí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ó ní kí n máa mú 5,000 wá lọ́sẹ̀.

Màmá Tọ́ba, èèyàn mẹ́sàn-án ló jẹ mí lówó aṣọ, 62,000! Mo pe gbogbo wọn, mẹ́fà ti san, 31,500. Láti ìsinsìnyí lọ ìdajì owó ni mo máa gbà kí n tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà ní òun á dúró di ìgbà tí mo bá parí tàwọn yòókù, a ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi dákẹ́ lórí fóònù fúngbà díẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ó wá ní òun ò mọ̀ pé bó ṣe le tó nìyẹn, pé ẹ̀gbọ́n òun ò sọ nǹkan kan. Ó ti gbé aṣọ ọmọ náà wá lánàá, aṣọ àlà funfun, mo ti gé e. Orí máṣíìnì industrial yẹn ni mo ti máa rán an.

Ó ku 470,000. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí mo ti ń gé aṣọ.

Kẹ́mi, ṣé àyè yẹn ṣì wà?

Kẹ́mi, Tańkẹ

Ó wà o! Sátidé yìí, aago méje àárọ̀, ẹ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà Ìpàtà lápá ibi táwọn aláta wà. Ẹ mú ike tó lómorí wá, àti àpò kan tí kò lu.

Ìyá Aliyah, Gáà-Àkànbí

Mo ń bọ̀ in sha Allah. Mo máa fi àjákù ankara rán àpò mẹ́rin wá, kálukú wa á ní ọ̀kan.